Bí Mo Ṣe Kó Onígbọ̀wọ́ Méjì Lọ sí Ilé Ìtẹ̀wé

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹsàn-án, 2025

Wọ́n ti pè mí! Ilé ìtẹ̀wé Àfẹ̀mọ́jú, n'Íbàdàn! Àtẹ̀jíṣẹ́ náà wọlé bí mo ṣe ń sá láfún lórí àpáta lẹ́yìn ilé. Díẹ̀ ló kù kí fóònù bọ́ sínú ẹ̀gẹ́ tútù. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ipò olóòtú kékeré, níbi àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n pè mí nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní kí n sọ nípa ara mi, mo ní "Ẹ ṣeun, mà," mo dìde, mo jáde. Lẹ́ẹ̀kejì, mọ́tò bàjẹ́ l'Érúwà, wọ́n ti ń gbálẹ̀ yàrá náà kí n tó dé. Àfẹ̀mọ́jú kì í sì í pe èèyàn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Òfin wọn ni, ó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà gbangba. Bí mo bá tún ba èyí jẹ́, ó parí nìyẹn, èmi àti láfún di tọkọtaya.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí olúkúlùkù mú onígbọ̀wọ́ méjì wá. Orúkọ wọn ni. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe mi ni pé mo kà á sókè létí Bàámi.

Bàámi ti gba béèlì èèyàn mọ́kànlá ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọlọ́pàá ò sì sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n fi orúkọ ránṣẹ́. Bàámi ní onígbọ̀wọ́ tí kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀, onígbọ̀wọ́ irọ́ ni. Wọ́n ní kí ni ilé ìtẹ̀wé fẹ́ fi orúkọ ṣe? Ṣé orúkọ máa ń jókòó ni?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2/9

Mo tún ṣàlàyé fún Bàámi. Wọ́n ní kí n lọ fọ abọ́.

Ọjọ́bọ̀, 4/9

Bàámi ti yan wọn. Wọn ò bi mí o.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Bàbá Zachariah, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gá Pàṣán lorúkọ wọn. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti fiṣẹ́ sílẹ̀, pàṣán ò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ọ̀pá ìtilẹ̀ ni.

Ẹnì kejì ni Alhaja Ràhmọ̀t, Ìyá Hàkímù, tí ògiri wọn àti tiwa jọ so mọ́ra. Àgbà láfún ni wọ́n ládùúgbò wa, àwọn ni wọ́n kọ́ Màámi níṣẹ́ náà. Gbohùngbohùn ni mò ń pè wọ́n nínú ìwé yìí. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ará Lànlátẹ̀, ìlú kejì, á dáhùn.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti èṣí. Ewúrẹ́ Alhaja jẹ fìlà Ọ̀gá Pàṣán lórí okùn aṣọ. Dípò kí Alhaja bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní ewúrẹ́ àwọn kì í jẹ aṣọ, ó ní láti jẹ́ pé fìlà náà ló jọ koríko. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá di iṣu ata yán-an-yàn-an.

Mo bi Bàámi pé ṣé kò sí àwọn méjì mìíràn tó ń kí ara wọn. Wọ́n ní bí Kìrìsìtẹ́nì bá dúró fún mi, tí Mùsùlùmí náà dúró fún mi, ta ló kù tó máa sọ pé òun ò mọ̀ mí?

Ọjọ́ Àìkú, 7/9

Pásítọ̀ kéde mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé àdúrà ráńpẹ́ ni. Wọ́n kọ orin mẹ́ta lé mi lórí. Ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí dì mọ́ mi, wọ́n ní àwọn ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ọkọ máa dé. Mo ní àmín. Kí ni kí n tún wí?

Lọ́sàn-án, Ọ̀gá Pàṣán wá dán mi wò. Wọ́n jókòó, èmi dúró. Kí ni olú-ìlú Ọsirélíà? Ka ìlọ́po méjìlá! Mo ní sà, ilé ìtẹ̀wé mà ni. Wọ́n ní ẹni tí kò mọ ìlọ́po méjìlá, báwo ló ṣe máa to nọ́ńbà ojú ìwé? Mo kà á títí Màámi fi ní kí n wá fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9/9

Mo ti pinnu. Bí wọ́n bá bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí, mi ò ní dárúkọ láfún. "Okòwò ìdílé" ni n ó pè é. Ó dùn létí, ó sì jọ iṣẹ́ ẹni tó ní ọ́fíìsì. Màámi bá mi níbi tí mo ti ń dán an wò níwájú dígí. Wọ́n gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ wọn, wọ́n bọ́ sẹ́yìnkùlé.

Ojú tì mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò yí i padà.

Ọjọ́rú, 10/9

Gbohùngbohùn ti ń rẹ ẹ̀wà àkàrà fún "ìrìn-àjò." Ìrìn-àjò! Ìbàdàn tí kò ju wákàtí méjì lọ!

Ọjọ́bọ̀, 11/9

Mo ti padà dé. Ẹsẹ̀ mi wú. Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kó tó di àlá.

Aago márùn-ún ààbọ̀ la wọ mọ́tò. Ọ̀gá Pàṣán wà níwájú nínú kóòtù tí wọ́n fi gbéyàwó. Alhaja wà lẹ́yìn pẹ̀lú èmi, àkàrà, àti odidi àpò láfún kan, nítorí wọ́n ní a kì í lọ sílé onílé lọ́wọ́ òfìfo. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi àpò náà sílẹ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé ojú láfún ń tì mí ni. Mo ní rárá o. (Irọ́.)

Láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, àwọn méjèèjì ò fọhùn. Láti Èrúwà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu mi bá ara wọn jà. Alhaja á ní, "Ọmọ́tárá, bá mi sọ fún ọkùnrin iwájú yẹn kó ti fèrèsé, atẹ́gùn fẹ́ gbé gèlè mi lọ." Ọ̀gá Pàṣán á ní, "Ọmọ́tárá, sọ fún obìnrin ẹ̀yìn yẹn pé atẹ́gùn Ọlọ́run ni, n kò lè tì í." Nígbà tó yá, ohùn mi há, awakọ̀ bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ó tiẹ̀ ń fi tirẹ̀ kún un.

Àfẹ̀mọ́jú! Ilé alájà mẹ́rin. Ìwé láti ilẹ̀ dé òkè, òórùn tádàwà níbi gbogbo. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún.

Àwa tí wọ́n pè tó ogójì. Fáìlì ni gbogbo wọn mú dání, èmi nìkan ni mo kó èèyàn wá. Ọmọkùnrin tó ń gba orúkọ lẹ́nu ọ̀nà bi mí pé àwọn wo nìyí. Mo ní onígbọ̀wọ́ mi ni. Ó wò mí, ó wò wọ́n, ó ní, "Sísítà, orúkọ wọn la ní kí ẹ mú wá." Ọ̀gá Pàṣán ní, "Èmi ni mo ń jẹ́ orúkọ náà," wọ́n sì na ọwọ́ sí i fún ìbọwọ́. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ò lanu rárá, bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ tó.

Ìdánwò ìwé ló kọ́kọ́ wáyé. Ojú ìwé kan péré, ká ṣàtúnṣe sí i láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo ṣí i. Ẹ gbà mí! "Bí A Ṣe Ń Ṣe Láfún." Orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú oyè mẹ́ta. Ó ní ká bó ẹ̀gẹ́, ká gé e wẹ́wẹ́, ká sá a fún ọjọ́ méjì, ká lọ̀ ọ́, láfún dé.

Kò sí rírẹ níbẹ̀! Kò sí omi rárá! Ẹ̀gẹ́ tí wọn ò rẹ sómi títí tó fi kan, májèlé rẹ̀ ò tíì jáde. Ìwé ọmọdé sì ni. Mo ti gbé bírò síbẹ̀ tán kí n tó tún rí orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo wo àwọn tó yí mi ká, bàtà dídán, Gẹ̀ẹ́sì wẹ́rẹwẹ̀rẹ. Mo rò ó pé bí mo bá kọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé inú ẹ̀gẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Mo bá tún àmì ohùn ṣe. Mo tún kọ́mà ṣe. Mo gbójú kúrò lára omi.

Lẹ́yìn náà la jókòó, tí wọ́n ń pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Tàófíìk, tí mo sọ ní Táì Pupa nítorí táì pupa rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, jáde pẹ̀lú òógùn lójú. Wọ́n bi í ní ìwé tó kà kẹ́yìn, ó sì ní ìwé tó bá jẹnẹrétọ̀ wá ni. Ó ní òun kà á tán pátápátá, àti ti èdè Ṣáínà ẹ̀yìn rẹ̀, òun wo àwòrán. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Keturah sunkún jáde. Wọ́n bi í pé ibo ló kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀, ó sì ka ibà, ẹ̀yìn ríro àti inú kíkùn fún wọn. Wọ́n ní kó lọ sinmi.

Àwọn onígbọ̀wọ́ mi ò jókòó lásán o. Alhaja ti pín àkàrà yí gbogbo yàrá ká. Ọ̀gá Pàṣán ti to àwọn ọ̀mọ̀wé sórí ìlà, wọ́n ń bi wọ́n ní ìlọ́po méjìlá. Táì Pupa ṣubú ní méje.

Wọ́n pe orúkọ mi. Mo dìde. Àwọn méjèèjì dìde.

Ó ti rẹ̀ mí. Ìyókù di ọ̀la.

Ọjọ́ Ẹtì, 12/9

Mi ò fẹ́ kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13/9

Ó dáa. Kí n kọ ọ́, kó kúrò lọ́rùn mi.

Èèyàn mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀. Ìyáàfin Akínladé, olóòtú àgbà, ló wà láàárín. Onídígí ni mo sọ wọ́n, nítorí orí dígí ojú wọn ni wọ́n máa ń gbà wo èèyàn, wọn kì í gba inú rẹ̀. Wọ́n ní èmi nìkan làwọn pè. Ọ̀gá Pàṣán ní àwọn ò fi akẹ́kọ̀ọ́ àwọn sílẹ̀ lẹ́nu ìdánwò rí. Alhaja ti jókòó ní tiwọn. Wọ́n ti gbé àpò láfún sórí tábìlì, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó, ẹ kú ìnáwó. Onídígí wo àpò náà títí. Wọ́n ní ó dáa, kí wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fọhùn.

Wọn ò fọhùn. Ó tó ìṣẹ́jú kan.

Onídígí ní kí n sọ nípa ara mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu ni, Alhaja ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni mí, mi ò jalè rí, ẹran ni mo kọ́kọ́ máa ń mú nínú ọbẹ̀ ṣùgbọ́n mo ti jáwọ́. Wọ́n bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí. Mo ní okòwò ìdílé. Ariwo Alhaja ló tún gba yàrá: "Okòwò wo? Láfún ló ń ṣe! Èmi tí mo kọ́ ìyá rẹ̀ rèé!"

Onídígí gbé orí sókè. Wọ́n fa ìwé ìdánwò mi yọ, wọ́n ní ṣé láfún yìí náà ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Bí wọ́n ṣe dé "ẹ lọ̀ ọ́, láfún dé," Alhaja fò dìde bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ ta. "Ta ló kọ ìranù yìí? Omi dà? Ẹ̀gẹ́ tí ò dé inú omi? Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ṣáláńgá ni wọ́n ti máa lọ gbé e!" Ọ̀gá Pàṣán gbá pàṣán mọ́lẹ̀, wọ́n ní òótọ́ ni obìnrin yìí sọ. Láti ọjọ́ tí fìlà ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbè lẹ́yìn Alhaja nìyẹn.

Onídígí ò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Èmi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní nínú ogójì èèyàn, ẹyọ ẹnìkan ò kọ ọ́ pé omi ò sí níbẹ̀. Àwọn alára ò rí i, oṣù tó ń bọ̀ ni ìwé náà fẹ́ wọ ẹ̀rọ. Wọ́n wá bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé èmi tí mò ń ṣe láfún rí i.

Mo lè purọ́. Mi ò mọ ohun tó mú mi. Mo ní mo rí i, mà.

Wọ́n ní kí ló dé tí mi ò kọ ọ́.

Mo ní ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ ọ́. Mo ní ojú sì ń tì mí.

Onídígí kọ nǹkan kékeré kan sílẹ̀, wọ́n ní ká máa lọ, àwọn á pè. Wọ́n gba àpò láfún náà o.

Ó ti bọ́ nìyẹn. Ẹni tó rí àṣìṣe tó sì gbójú kúrò, ta ló fẹ́ fi í ṣe olóòtú? Mo sunkún láti Ìbàdàn títí dé Èrúwà. Ọ̀gá Pàṣán fún mi ní aṣọ ìnujú wọn. Alhaja fún mi ní àkàrà tó kù. Wọ́n wá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí mi bí ìgbà téèyàn ń ṣọ́ aláìsàn. Alhaja ní ṣé kí wọ́n fún mi lómi. Ọ̀gá Pàṣán ní kí wọ́n jẹ́ kí n sun ún tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16/9

Gbohùngbohùn ti ròyìn yí àdúgbò ká pé ojú láfún ń tì mí. Màámi gbọ́. Wọn ò bá mi wí, wọn ò sì bi mí ní nǹkan kan. Ó sàn kí wọ́n bú mi. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n, mi ò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo bó agbọ̀n ẹ̀gẹ́ mẹ́ta kí wọ́n tó jí.

Ọjọ́ Ẹtì, 19/9

Onídígí pè! Àwọn fúnra wọn! Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ n'Ígbó-Ọrà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe láfún, kí àwọn lè tún ojú ìwé náà kọ. Kí n wà nílé. Mo ní mà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn ńkọ́? Wọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n pa fóònù.

Mo sọ fún Bàámi. Wọ́n ti lọ ra ọ̀dà ilé.

Ọjọ́ Àìkú, 21/9

Ọ̀dà náà ò ju iwájú ilé lọ. Ẹ̀yìnkùlé ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń bọ̀ wá wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23/9

Wọ́n dé láago mọ́kànlá, Onídígí àti ayàwòrán kan. Ọ̀gá Pàṣán pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí Onídígí kó onígbọ̀wọ́ méjì jáde kí wọ́n tó lè wọlé. Ọ̀gá Pàṣán ní àwàdà ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Alhaja wọ léèsì wá bó ẹ̀gẹ́. Ayàwòrán ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gẹ́? Màámi ló ṣe iṣẹ́ náà gan-an, láìsọ̀rọ̀: wọ́n bó o, wọ́n rì í sómi, wọ́n gbé èyí tó ti rọ̀ jáde, wọ́n yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n fún un, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àpáta. Onídígí tẹ̀ lé wọn káàkiri bí ọmọ ilé-ìwé. Bàtà wọn ti bàjẹ́, wọn ò sọ pé ó bàjẹ́.

Ibi ọjọ́ rírẹ ni ìjà ti bẹ́. Alhaja ní ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Màámi ní mẹ́ta ti tó bí ooru bá mú. Alhaja ní ta ló kọ́ ta? Ọ̀gá Pàṣán, tí wọn ò rẹ ẹ̀gẹ́ kan rí látọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, ní kí wọ́n kọ mẹ́ta àti ààbọ̀. Ariwo sọ. Onídígí ò dá sí i. Wọ́n fa ojú ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n yọ nínú àpò wọn, wọ́n fi bírò lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n kọ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo wo orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo fa ìlà gbọọrọ sí ọ̀rọ̀ wọn láàárín. Mo kọ ọ́ pé: *Ẹ rì í sómi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bí ooru bá ṣe mú tó. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá rọ̀ dé àárín, tó sì kan sí imú, ó tó. Bí kò bá rọ̀, ẹ dá a padà sómi.*

Mo kà á sókè. Alhaja ní ṣebí ohun tí àwọn ń wí nìyẹn. Màámi ní ohun tí àwọn náà ń wí nìyẹn. Onídígí bi mí pé ta ló sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo nawọ́ sí Màámi. Mo ní ìyá mi ló kọ́ mi, láfún la sì ń ṣe nílé wa. Mo sọ ọ́ sókè dáadáa, kí Gbohùngbohùn lè rí i gbé kiri.

Màámi yíjú, kí n má baà rí ojú wọn. Wọ́n gbé abọ́ omi kan tó mọ́ tónítóní, wọ́n lọ dà á nù.

Ọjọ́bọ̀, 25/9

Kò sí ìpè. Ọ̀gá Pàṣán wá bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Alhaja bèèrè lẹ́ẹ̀meje láti orí ògiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27/9

Kò sí. Mo ti ń bá ara mi sọ ọ́ pé kò ṣe nǹkan kan. Ó ṣe nǹkan.

Ọjọ́ Ajé, 29/9

Wọ́n gbà mí.

Wọ́n gbà mí! Àwòrán lẹ́tà wọn wọlé sórí fóònù ní nǹkan bí aago méjì. Olóòtú kékeré, kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí n wá ilé sí Ìbàdàn. Onídígí fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹni tó bá fa ìlà sí ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n níṣojú àgbà mẹ́ta tó ń jà, ó lè ṣe olóòtú.

Bàámi sá jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, wọ́n ń jó láìsí orin. Ọ̀gá Pàṣán gba fóònù, wọ́n ka lẹ́tà náà sókè lójú títì láti òkè dé ilẹ̀, pẹ̀lú déètì àti nọ́ńbà fóònù ilé-iṣẹ́. Alhaja kígbe, ọlọ́kadà kan rò pé ìjàǹbá ni, ó yà kúrò lọ́nà. Ó tó ogún èèyàn tó gbá mi mọ́ra. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe.

Màámi nìkan ni mi ò rí. Mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, níbi àpáta. Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Tápà, láfún ọjọ́ mẹ́ta ṣì wà ní títẹ́ lórí ọ̀rá tapólì. Mo ní Màámi, wọ́n gbà mí. Wọ́n ní àwọn gbọ́, Ìyá Hàkímù ti sọ fún gbogbo ìlú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, iṣẹ́ náà yẹ mí. Lẹ́yìn náà wọ́n wo òkè, wọ́n wo láfún, wọ́n ní, "Ta ni yóò wá máa bá mi kó o wọlé bí òjò bá ṣú?"

Wọn ò fi bá mi wí. Ìbéèrè ni wọ́n ń béèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti jókòó síwájú àwọn tó ń bi èèyàn ní ìbéèrè, kò sí ẹni tó bi mí ní irú èyí. Inú mi dùn, ó sì ń dùn mí.

Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ kán sórí àpáta. Mo di etí kejì tapólì náà mú, a sì ká a pọ̀.